Sàlámù Tí Rámátù Kò Dáhùn

Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Ìlọrin nígbà tí ara ṣì le koko. Àná ni ẹnì kan kọ ọ́ síbí pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Ṣé àwọn ọmọ nìkan ni?

Tíṣà ni mí. Mo ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ tíṣà kì í kúrò lára èèyàn. Títí di òní, bí pásítọ̀ bá ń wàásù, èmi á máa máàkì rẹ̀ nínú ọkàn mi. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni mí, ilé onígbàgbọ́ ni wọ́n ti tọ́ mi, ẹnu mi sì máa ń yá ju ẹsẹ̀ mi lọ. Ìyá mi ní ẹnu yẹn ni yóò kó bá mi lọ́jọ́ kan. Wọn kò parọ́.

Ọdún tí mò ń sọ yìí ni ìjọba ní kí gbogbo mọ́tò kúrò lápá òsì títì, kí wọ́n bọ́ sápá ọ̀tún. Ẹ̀yin àgbà tó wà níbí, ṣé ẹ rántí? A ó dúró létí ọ̀nà Táíwò, a ó wo ibi tí mọ́tò ti máa ń yọ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, mọ́tò á sì ti ẹ̀yìn yọ sí wa! Gbogbo ìlú ni ọrùn ń dùn lọ́dún náà.

Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan lápá Fate ni mo ti ń kọ́ni. Ẹni tó bá mọ Fate ti òní kò ní gbà mí gbọ́ bí mo bá sọ pé igbó àti oko ẹ̀gẹ́ ló yí wa ká nígbà náà. N kò tíì lọ́kọ, nítorí náà Míìsì ni gbogbo wọn ń pè mí. Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ fọ́ọ̀mù fáìfù, àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde.

Nínú ohun tí a ní kí n kọ́ wọn, àròkọ àwọn òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà àtijọ́ kan wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn wọ̀nyí, igi, omi àti ẹyẹ ni wọ́n fi ń ronú. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́, kó kúrò láàárín ariwo, kó lọ dá jókòó sínú igbó, kó dákẹ́. Wọ́n ní Ọlọ́run ń fi ewé bá ẹ̀dá sọ̀rọ̀, àwa la kì í gbọ́.

Ọ̀kan nínú wọn lọ dá gbé inú igbó lóòótọ́, àwọn ọmọ mi kò sì gba ti ọkùnrin yẹn rárá. Ẹnì kan ń jẹ́ Àsábí nínú wọn, ẹlẹ́nu bí èmi náà. Àsábí ní ó dájú pé wọ́n lé ọkùnrin tó kọ ọ́ kúrò nílé ni. Àbí ta ló ní ará, tó ní ìyá, tó ní àbúrò, tó máa ń lọ dá gbé inú igbó? Ta ní ń se oúnjẹ fún un? Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Mo ní kí wọ́n fi oúnjẹ sílẹ̀. Kì í ṣe pé kí a gbà pẹ̀lú ọkùnrin náà ni iṣẹ́ wa. Iṣẹ́ wa ni kí a tú ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò bí ẹni tó ń tú ẹrù, kí a rí ọgbọ́n tó fi dì í. Mo kọ ìbéèrè mẹ́ta sójú pátákó, n kò sì pa á rẹ́ fún odindi táàmù: Ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀? Kí ni ó fẹ́ kí ẹni náà ṣe? Ọgbọ́n wo ni ó fi mú un?

Ẹni tó kọ́kọ́ gbá ọ̀rọ̀ yìí mú ni Rámátù. Ọmọ Ìlọrin pọ́ńbélé ni, bàbá rẹ̀ jẹ́ Àáfà tó ní ilé kéwú, tó sì máa ń ṣe wáàsí lóṣù Ràmàdáànì. Rámátù kì í pariwo. Ẹ̀bá fèrèsé ló máa ń jókòó sí, ẹ ò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo bi wọ́n léèrè ọgbọ́n tí òǹkọ̀wé ta nínú ìpínrọ̀ kan. Rámátù dìde, ó ní òǹkọ̀wé náà béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wa, ó sì sá lọ kó tó dáhùn, kó lè jẹ́ pé àwa fúnra wa la máa dáhùn.

Mo ní kó jókòó, ó ti parí iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ó wá fi ohùn kékeré sọ pé bí bàbá òun ṣe máa ń ṣe nídìí wáàsí nìyẹn. Mo gbọ́ ọ létí kan, ó gba ìkejì jáde. Ó yẹ kí n ti gbọ́ ọ dáadáa o.

Ìgbà tó di ọjọ́ Àlàmísì kan ni mo wá fún wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá. Mo ní kí kálukú lọ wá igi kan nítòsí ilé rẹ̀, kó jókòó sídìí rẹ̀ fún wákàtí kan gbáko, kó wo nǹkan kan ṣoṣo, kó sì wá kọ ọ́ débi tí ẹni tó bá kà á yóò fi rí i. Mo ní kí wọ́n dákẹ́ o! Kí wọ́n má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá pè wọ́n, kí wọ́n má dáhùn títí wákàtí náà yóò fi pé. Mo tilẹ̀ fi ọwọ́ lu tábìlì nígbà tí mò ń sọ ọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi wò ó. Nínú ìwé òyìnbó, kò sẹ́ni tó ń kọjá. Ẹyẹ nìkan ló ń kọjá. Ẹ wá sọ fún mi: agbo ilé wo ní Ìlọrin ni èèyàn ti lè jókòó fún wákàtí kan kí ẹnì kan má kọjá kó má kí i?

Lọ́jọ́ Àtìní, mo gba iṣẹ́ wọn. Ṣé kí n tilẹ̀ sọ ti Àsábí? Orí bẹ́ẹ̀dì ló dùbúlẹ̀ sí tó kọ tirẹ̀. Ó ní yìnyín funfun ń bọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sórí igi máńgòrò bàbá òun. Yìnyín, ní Ìlọrin, nínú ooru yẹn! Àwọn tó kù jókòó lóòótọ́, àmọ́ bí wọ́n bá ti kí wọn, wọ́n á dáhùn, bí ọmọ tí a kọ́ nílé. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Ọ̀dọ̀ Rámátù nìkan ni àṣẹ mi ti múlẹ̀, Rámátù kò sì wá síléèwé.

Lọ́jọ́ kejì, kò wá. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, kò wá. Mo pe Àsábí, torí pé agbo ilé wọn kò jìnnà síra. Àsábí kọ́kọ́ ń wo ilẹ̀. Nígbà tó yá ló wá sọ pé wọ́n ní àlùjànnú ló bá Rámátù nídìí igi dóńgóyárò ẹ̀yìn ilé wọn. Wọ́n ní ṣe ló la ojú sílẹ̀ tí kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n ń kọ àdúà sí wàláà, pátákó ìkéwú, wọ́n ń fọ̀ ọ́ fún un mu. Bàbá rẹ̀ ti ní ó ti tó, kó má padà síléèwé mọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ìyá tó ń ta iṣu lọ́jà Ìpàta, ló máa mú un sọ́dọ̀, kó máa bá òun tajà títí wọn yóò fi rí ọkọ fún un.

 Ìdánwò kù fẹ́ẹ́rẹ́! Ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ mú jù nínú kíláàsì mi, òun ni wọ́n fẹ́ lọ fi tì sídìí iṣu nítorí iṣẹ́ àṣetiléwá tí èmi fún un?

Prínsípà wa ní kí n má lọ. Ó ní ọ̀rọ̀ ilé onílé lẹgẹlẹgẹ ni, pé mo lè lọ bà á jẹ́ sí i, àti pé bí ọkàn wọn bá rọ̀, wọ́n á dá ọmọ padà fúnra wọn. Mo ní mo ti gbọ́, sà. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo gbéra.

Ní ọ̀nà Táíwò, mo wo ọ̀tún, mọ́tò kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi láti òsì. Dẹ́rẹ́bà yọ orí, ó bi mí pé ṣé mi ò gbọ́ ìkéde ni. Mo kọjá lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ lọ sọ ni mò ń tò lórí. Mo ti mọ ohun tó ń dun àwọn èèyàn yìí, èmi lójú tèmi! Ọmọ mùsùlùmí, tíṣà onígbàgbọ́, ìwé tó ní Ọlọ́run ń fi ewé sọ̀rọ̀: ẹ̀rù ń bà wọ́n pé mo fẹ́ yí ọmọ wọn lẹ́sìn padà. Kí ló tún lè jẹ́?

Mo dé ibẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àsárì. Àáfà gbà mí tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ó ní kí wọ́n gbé àga fún mi, kí wọ́n bu omi wá. Ó béèrè àwọn ará ilé mi, ó béèrè Ọ̀mù-Àrán. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ìyá Oníṣu, jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n na ẹsẹ̀ kan, wọ́n gbé ojú sápá ibòmíràn. Èmi kò tilẹ̀ ka ìyá náà sí. Bàbá ni mo dojú kọ.

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní Àáfà, ẹ fọkàn balẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ ọmọ yín di onígbàgbọ́. Mo ní àròkọ lásán ni ìwé náà, bí ó bá tilẹ̀ ní Ọlọ́run wà nínú ewé, ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ ni, kì í ṣe ẹ̀sìn.

Àáfà gbé orí sókè. Ó rọra bi mí pé ìwé wo ló ní Ọlọ́run wà nínú ewé?

Yéè! Wọn kò gbọ́ nípa ìwé náà rí! Èmi, ọlọ́gbọ́n, ni mo fi ẹnu ara mi gbé e wọlé!

Ṣé ó yẹ kí n dákẹ́ níbẹ̀? Ó yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ ti mọ irú ẹnu mi. Mo sá kúrò nínú ewé, mo bọ́ sórí ìwé ẹ̀rí. Mo ní bí Rámátù bá yege, yóò di tíṣà, tàbí kó ṣiṣẹ́ ìjọba, pé sẹ̀kítéríà tuntun ń wá àwọn ọmọbìnrin tó kàwé, pé kò ní jìyà láyé rẹ̀.

Ìyá Oníṣu sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọn kò wo ojú mi. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ ògiri pé ta ló ń jìyà nínú ilé yìí? Iṣu tí àwọn ń tà láti ọjọ́ yìí, ṣé ìyà ni?

Ara mi gbóná. Mo ní mi ò sọ bẹ́ẹ̀, ìyá, ẹ má bínú, àmọ́ ṣé nítorí pé ọmọdé dákẹ́ díẹ̀ ni a ó ṣe ba ayé rẹ̀ jẹ́?

Ìyá náà yí padà. Ẹ̀yin èèyàn mi, bí wọ́n ṣe wò mí lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń rí i. Wọ́n ní, “Díẹ̀? Ìwọ tíṣà, o ní díẹ̀?”

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá jáde. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ láti Ìpàta lọ́jọ́ Àlàmísì, àwọn rí ọmọ náà nídìí igi, àwọn sì ṣe sàlámù sí i. Kò dáhùn. Àwọn rò pé kò gbọ́, àwọn tún un ṣe. Ó wo àwọn lójú kòró, kò dáhùn. Àwọn ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn tilẹ̀ fi orúkọ rẹ̀ kún un, ó tún wo àwọn! Àwọn tí àwọn pọ̀n ọ́n dàgbà! Ọ̀tá ẹni pàápàá, bó bá ṣe sàlámù síni, a ó dá a lóhùn. Wọ́n ní nǹkan méjì ló lè mú ọmọ ilé Àáfà kọ sàlámù: kó jẹ́ pé àlùjànnú dì í lẹ́nu, tàbí kó jẹ́ pé ìwé ti kọ́ ọ pé oníṣu kì í ṣe èèyàn. Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, àdúà yóò wò ó sàn. Bó bá jẹ́ ìkejì, àwọn kò mọ àdúà tó ń wo ìyẹn.

Mo gbọ́ ọ, omi tútù dà sí mi lára. Kì í ṣe ti ẹ̀sìn. Kì í ṣe ti ìwé. Sàlámù ni!

Mo ní kò sí àlùjànnú o, èmi ni mo ní kó má dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Mo rò pé òótọ́ yóò là á. Ẹ gbọ́ ohun tí Àáfà sọ: ó ní ó dáa, a ti wá mọ̀ báyìí. Tíṣà tó ń kọ́ ọmọ kó má dáhùn sàlámù, kí Ọlọ́run fún un ní iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ó fi sùúrù sọ ọ́, kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè. Ó ní kí n kí àwọn ará ilé. Ẹ mọ ìtumọ̀ pé kí n kí ará ilé: kí n máa lọ.

Mo dìde. Ní gbogbo ayé mi, n kò tíì jókòó ti ọ̀rọ̀ kan kí n má rí ohun sọ, àmọ́ lọ́jọ́ náà n kò rí nǹkan kan. Èmi tí mo kọ ìbéèrè mẹ́ta sójú pátákó fún odindi táàmù!

Mo ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí a gbọ́ ohùn Rámátù láti ẹ̀yìn aṣọ ìlẹ̀kùn ìyẹ̀wù. Ó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ pé òun fẹ́ jáde. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, bí ó bá ti fẹ́ ṣàlàyé, wọ́n á ní kó sinmi, kó má ṣe da ara rẹ̀ láàmú. Bàbá ní kó jáde.

Mo rò pé bàbá rẹ̀ ló máa lọ kúnlẹ̀ fún. Kò lọ síbẹ̀. Kò wo èmi náà. Iwájú Ìyá Oníṣu ló lọ, ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní:

“Àsàlámù àlékúmù, Ìyá.”

Ẹnu Ìyá Oníṣu ti dáhùn kí ọkàn wọn tó mọ̀: “Wàlékúmù sàlámù.” Wọ́n wá pa ẹnu dé, àmọ́ ó ti jáde. Ta ló jẹ́ kọ sàlámù? Ìyá tó ń bínú nítorí sàlámù, ṣé yóò kọ sàlámù?

Ilẹ̀kùn ti ṣí nìyẹn. Rámátù kò bẹ̀bẹ̀ iléèwé. Kò dárúkọ ìdánwò. Kò ní Míìsì jàre, kò ní Míìsì jẹ̀bi. Ohun tó rí nídìí igi ló ń sọ. Ó ní Míìsì ní kí òun wo nǹkan kan, òun yan èèrà. Wọ́n tò lára igi dóńgóyárò náà, àwọn tó ń gòkè ń forí kan àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀, kò sí èyí tó kọjá ẹnì kejì láìforí kàn án. Ó ní òun rò ó pé kíkí ni wọ́n ń kí ara wọn.

Ìyá Oníṣu ṣì gbé ojú sápá kan, àmọ́ mo rí i pé etí wọn wà níbẹ̀.

Rámátù ní ibẹ̀ ni òun wà tí Ìyá fi yọ láti ìkòríta. Ojú òun kúrò lára èèrà, ó tẹ̀ lé Ìyá. Oòrùn wà lẹ́yìn wọn, eruku Ìpàta pọ́n dé kókósẹ̀ wọn, iṣu kan wà lórí wọn tí wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn rù. Ó ní ìdáhùn wà lẹ́nu òun, ó ń ta òun lọ́fun, àmọ́ wọ́n ti ní kí òun dákẹ́, òun sì rò pé ìgbọràn ni.  Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí n kò lè gbàgbé.

Ó ní, “Ìyá, láti kékeré ni mo ti ń dá yín lóhùn, n kò wò yín rí. Lọ́jọ́ yẹn n kò dá yín lóhùn, àmọ́ mo wò yín. Ẹsẹ̀ òsì ń dùn yín. Ẹ dúró lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹ ń ṣe bí ẹni tó ń tún ìró ró, àmọ́ ìró yín kò tú.”



Àáfà bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ẹsẹ̀ wo? Ìyá Oníṣu ní kò sí ẹsẹ̀ kankan, kí ọmọdé má ṣòfófó òun. Àáfà dìde lórí awọ ẹran rẹ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n rí i. Ìyá ní ta ló ní kí a máa wo ẹsẹ̀ òun? Láti ìgbà wo ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní ẹsẹ̀ wíwò níléèwé? Àmọ́ wọn ò lè ká ẹsẹ̀ tí wọ́n nà náà, gbogbo wa sì ti ń wò ó. Nígbà tí wọ́n ká ìró sókè díẹ̀, orúnkún náà wú, ó ń dán.

Ó ti pẹ́ tó ti ń dùn wọ́n. Wọ́n fi pamọ́ ni, torí wọ́n mọ̀ pé bí àbúrò wọn bá gbọ́, yóò ní kí wọ́n má lọ sí Ìpàta mọ́. Àáfà jókòó padà. Ó ní, “Súbúhánàlàhì. Àràárọ̀ ni mò ń kí yín pé ara le bí? Ẹ ń ní ó le. Mo sì ń gbà.”

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Mo rí i, èmi náà sì yíjú sápá kan.

Ìyá Oníṣu ló tú ọ̀rọ̀ náà ká. Wọ́n fi ọwọ́ gbá Rámátù lórí, kì í ṣe gbígbá ìbínú. Wọ́n ní ojú rẹ̀ ti mú jù, kí wọ́n tètè dá a padà síléèwé kó tó máa wo inú ìkòkò ọbẹ̀ àwọn. Ìgbà náà ni ẹ̀rín bẹ́.

Àáfà ló gé ọ̀rọ̀ náà. Ó ní sàlámù tí a fi sínú ọ̀fun kì í ṣe ìdáhùn, kí Rámátù má tún un ṣe láé. Àmọ́ ó ti wá san án, Ìyá sì ti gbà á. Yóò padà síléèwé. Yóò máa bá Ìyá gbé iṣu ní Ìpàta lọ́jọ́ Sátidé títí ẹsẹ̀ yóò fi san, Ìyá kò sì gbọdọ̀ rù ú mọ́. Ìyá fẹ́ jiyàn, ó ní ọ̀rọ̀ ti parí.

Ó wá yíjú sí mi. Ó ní èmi tíṣà, iṣẹ́ tí mo fún wọn kò burú, ẹ̀dá tí kì í wo ohun tí Ọlọ́run dá, kí ló ń wò? Àmọ́ mo ti gé orí rẹ̀ kúrò. Kí n lọ fi orí rẹ̀ sí i. Mo ní mo gbọ́, Àáfà, ẹ ṣé. Mo kúnlẹ̀ fún Ìyá Oníṣu kí n tó jáde, ohun tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ ṣe nígbà tí mo wọlé.

Rámátù sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Mo bi í pé ṣé ó ti gbèrò ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀ ni, àbí ó kàn ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín sínú. Ó ní Míìsì, ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sójú pátákó pé ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ yín, Bàbá lẹ ń sọ ọ́ fún. Ṣé Bàbá ni mi ò dá lóhùn ni?

Mo ń ro ọ̀rọ̀ yẹn lọ títí mo fi dé Táíwò.

Lọ́jọ́ kejì mo fún gbogbo wọn ní iṣẹ́ náà padà, mo sì kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà sábẹ́ ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: Bí wọ́n bá kí yín, ẹ dáhùn, kí ẹ sì wo ẹni tó kí yín. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, iṣẹ́ tí wọ́n kọ wá lẹ́yìn ìyẹn dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Igi wà níbẹ̀, èèyàn náà sì wà níbẹ̀. Kódà Àsábí jókòó sídìí igi máńgòrò gidi. Yìnyín kò bọ́ mọ́.

Rámátù ṣe ìdánwò rẹ̀, ó yege, ó di tíṣà bí èmi náà. Ẹsẹ̀ Ìyá Oníṣu gba ìtọ́jú, ó san débi tí wọ́n fi padà sí Ìpàta, kò sẹ́ni tó lè dá wọn dúró. Ìgbàkígbà tí mo bá lọ ra iṣu níbẹ̀, wọ́n á pariwo fún àwọn oníṣu yòókù pé tíṣà tó ní kí wọ́n má dáhùn sàlámù ti dé o! Wọ́n á wá fi iṣu kan lé e fún mi.

Ohun tí mo kọ́ nìyí. Mo kàwé, mo mọ bí a ṣe ń tú ọ̀rọ̀ ọkùnrin inú igbó tó ti kú tipẹ́, mi ò sì mọ ẹni tí inú ń bí tó jókòó sórí ẹní níwájú mi. Kí o tó máa wá ọ̀rọ̀ tí o máa sọ, wo ojú ẹni tí o fẹ́ sọ ọ́ fún. Ẹni tó ń bínú sí ọ kì í sábà jẹ́ ẹni tó gbé àga fún ọ.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ti bẹ ẹni tí kì í ṣe òun lẹ ṣẹ̀ rí? Ta ni ó wà nílé yín tí ẹ ń kí láràárọ̀, tí ẹ kò tíì wo ẹsẹ̀ rẹ̀? Ẹ sọ tiyín fún wa nísàlẹ̀ yìí. Ẹ má kàn kà á kí ẹ kọjá o.

Àsàlámù àlékúmù, gbogbo yín. Mo ti kí yín, ó kù sọ́wọ́ yín.